Ọjọ́bọ̀ Mẹ́fà Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ Irin

Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ni Aránṣọ bá nínú àpò aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó fẹ́ rán àpò náà tó ya. Kò wá a lọ o. Ojú ibi tí aṣọ ti já ló ń fi ìka wá, ìka náà sì kan bébà. Ó fà á jáde: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí ó fi di ẹ̀fà, gbogbo wọn ti rọ̀ nítorí òógùn, gbogbo wọn ni wọ́n ti ya létí kan. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì máṣíìnì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà wọ́n, ó sì wọ awò ojú rẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì ilé sinimá ni. Fíìmù kan náà ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: *Àwọn Ọmọ Irin*. Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo rẹ̀, aago méjì ọ̀sán. Ìlà keje, ìjókòó kẹrìnlá.

Aránṣọ bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ìjókòó kẹrìnlá náà ni.

Ó ti tó oṣù méjì tí ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un pé ọ̀gá àwọn ti fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tí àwọn máa ń tètè ṣíwọ́, pé kó má retí òun kí aago márùn-ún tó lù. Olóòlù ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ náà, àní àwọn àna rẹ̀ pàápàá. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi páànù ṣe tánkì omi ńlá ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ni ẹni tó ń wọnú tánkì: ẹnìkejì á fi irin ti ojú ìsopọ̀ láti ìta, òun á sì máa fi òòlù gbá a láti inú, títí páànù méjì yóò fi di ọ̀kan. Ọdún méjìlélógún ló ti ń ṣe é. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í mu ọtí, kì í jà, kì í purọ́. Ìyẹn ni pé, títí di ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì yìí.

Kí Aránṣọ tó bínú, ó kọ́kọ́ gbàdúrà, nítorí bí ìyá rẹ̀ ṣe tọ́ ọ nìyẹn: kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ han Olúwa kó tó fi han aládùúgbò. Ó ní, "Olúwa, Ìwọ tó rí inú àpò kí ọwọ́ mi tó dé ibẹ̀, má jẹ̀ẹ́ kí n rí ohun tí ojú mi ò ní lè gbà." Ó ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ó kó tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì lọ fi wọ́n han aládùúgbò.

Aládùúgbò náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Onídìrí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi ògiri ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ pé bí o bá fẹ́ kí ìlú gbọ́ nǹkan, òun ni kí o bẹ̀ pé kó má sọ ọ́.

Onídìrí ka tíkẹ́ẹ̀tì náà bí ẹni ń ka ìwé ẹjọ́. Ó ní, "Mẹ́fà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó mà ju èje lọ o, àbúrò mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bóyá fíìmù náà ló kàn dùn."

"Ó dùn! Ta ló ní kò dùn? Èmi náà ti lọ wò ó. Àwọn oníbàárà mi kò sọ nǹkan mìíràn mọ́, wọn ò ní jẹ́ kí orí wọn dúró kí n dì í. Owó tí wọ́n fi ṣe fíìmù yẹn, wọ́n ní ó tó kọ́ ìlú tòun ti odi rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ lóòótọ́, wọ́n sì wó o palẹ̀ lójú wa. Róbọ́ọ̀tì tó ga ju ilé alájà ogún lọ, tó ń gbá róbọ́ọ̀tì ẹgbẹ́ rẹ̀ létí! Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́fà? Ọkùnrin tó ń lu irin láti ọjọ́ Ajé, òun náà ló tún ń sanwó lọ wo irin tó ń lu irin? Ṣé o ti rí apẹja tó sanwó lọ wo ẹja rí?"

"N kò rí i."

"Nítorí náà, kì í ṣe irin ló ń wò."

"Kí ló wá ń wò?"

Onídìrí tẹ́ ètè, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn méjì péré ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Inú ilé sinimá ṣókùnkùn. Èmi ò sọ ju ìyẹn lọ." Ó sì sọ ju ìyẹn lọ. "Má bínú sí mi o. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́. Ọkọ rẹ máa ń wo ẹnu mi."

"Ẹnu yín?"

"Ètè mi gan-an. Tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, kì í wo ojú mi mọ́. Ètè ni yóò tẹjú mọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, mo rò pé oúnjẹ ló há mi léyín, mo sáré wọlé lọ wo dígí. Kò sí nǹkan kan. Obìnrin tó ń ta oògùn ní ìkóríta náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó ń wo ètè òun bí ẹni pé ó fẹ́ fi í ṣe ìpápánu."

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

"Ohun tó wí ni mo wí. Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìfura sì ni oògùn àgbà."

Aránṣọ padà sídìí máṣíìnì, ṣùgbọ́n ìlà ìránṣọ rẹ̀ wọ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ kò dùn ún tó ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó mọ̀ nípa fóònù. Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ wọn obìnrin tó wà nílé ọkọ bá pè, Olóòlù ni yóò kọ́kọ́ já a gbà. Nísinsìnyí, kì í gbé e mọ́ lójú ìyàwó rẹ̀. Fóònù á máa dún nínú àpò rẹ̀, á ṣe bí ẹni pé àpò ẹlòmíràn ló ti ń dún. Bí wọ́n bá sì tọ́ka sí i, á ní iná rẹ̀ ti fẹ́ tán, á pa á. Ta ni ọkùnrin ń bá sọ̀rọ̀ tí kò ní lè gbé fóònù níwájú aya rẹ̀?

Ó mọ̀ nípa àdúrà. Ní ìdájí, Aránṣọ ló máa ń gbàdúrà ilé, ọkọ a sì máa ṣe àmín. Ṣùgbọ́n àmín rẹ̀ ti ń ṣìnà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Aránṣọ ní, "Olúwa, ẹni tó bá fẹ́ kí ilé yìí tú…" Kó tó parí rẹ̀ pé kí Olúwa dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kọ́, Olóòlù ti fi gbogbo ohùn bú sí i, "Àmín! Àmín ní orúkọ Rẹ!" Ara ìyàwó bù máṣọ lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tó ń ṣe àmín sí títú ilé ara rẹ̀, níbo ni ọkàn rẹ̀ wà?

Ṣùgbọ́n èyí tó ga jù ni ti oríkì. Ọdún kẹrin rèé tí páànù ti já lu Olóòlù nídìí, tí kò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni Aránṣọ ti ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní àràárọ̀, tí yóò tẹrí ba, tí yóò máa so bàtà náà níhò níhò, bí ó bá sì ti ń so ó ni yóò máa kì í:

*Olóòlù, ọkọ mi,*
*a-wọnú-irin-bí-ẹni-wọ-yàrá,*
*iná rí ọ, iná yẹ̀ fún ọ,*
*òkùnkùn inú tánkì kò fi ọ́ ṣe àlejò.*
*Ọmọ ẹni tí kì í fi ọwọ́ òsì lérí,*
*jáde lónìí, kí o sì padà lónìí.*

Tẹ́lẹ̀, inú Olóòlù á dùn, á máa mi orí, bó bá sì parí, á ní, "Èmi náà ni, aya rere." Gbólóhùn kan yẹn ni Aránṣọ ń jẹ títí di alẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún kan báyìí tí kò dáhùn mọ́. Aránṣọ á kì í, ọkọ á kàn wo ògiri, á dìde, á sì lọ. Ó ń dá gbogbo ayé lóhùn: fóòmánì, oníbúrẹ́dì, Onídìrí, olóògùn. Aya rẹ̀ tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nìkan ni kò ní èsì fún.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ìkeje, Aránṣọ kúnlẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ó so bàtà òsì, ó so bàtà ọ̀tún, ó kì í títí ó fi dé ìparí. Lẹ́yìn náà, láìgbé orí sókè, ó fi kún un pẹ̀lú ohùn oríkì kan náà: "Ọkọ mi tó ń lọ wo Ọmọ Irin ní aago méjì, tó ní iṣẹ́ lòún lọ. Ta ló ń jókòó tì yín nínú òkùnkùn?"

Ó dúró, ó ń retí pé kí ẹsẹ̀ náà gbọ̀n lọ́wọ́ òun. Ẹsẹ̀ kò mì. Olóòlù dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Ó di ìrọ̀lẹ́ o. Mo ní iṣẹ́ lọ́sàn-án." Ó sì jáde.

Aránṣọ kò dìde fún ìgbà pípẹ́. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ọkàn ọkùnrin yìí ti yigbì. Mo fi ọ̀rọ̀ sí i lójú, kò tilẹ̀ sẹ́ ẹ.

Ní aago kan ààbọ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù. Onídìrí fẹ́ bá a lọ, ó ti bọ́ épírọ́ọ̀nù pàápàá, ṣùgbọ́n Aránṣọ kọ̀. Ó ní, "Tí n bá fẹ́ pariwo, màá pè yín."

Onídìrí ní, "Bí o bá dé ibẹ̀, má jà. Irun obìnrin náà ni kí o kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo dì í, màá mọ ẹni tí í ṣe."

Ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ń jẹ gúgúrú lẹ́yìn gíláàsì. Ó wo Aránṣọ, ó wo gèlè rẹ̀, ó ní, "Màmá, *Àwọn Ọmọ Irin*? Ẹ̀yin náà?"

"Kí ló dé? Ṣé ọmọdé nìkan ló ní ojú ni? Ìlà kẹjọ ni mo fẹ́. Ìjókòó kẹrìnlá."

"Ha, Màmá, ẹ̀gbẹ́ ògiri nìyẹn o, ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá ló wà. Ariwo ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Ẹ jẹ́ kí n fún yín láàárín."

"Ibẹ̀ ni mo fẹ́." Aránṣọ sún mọ́ gíláàsì. "Bàbá kan wà tó máa ń jókòó síwájú ibẹ̀. Ta ló máa ń bá a wá?"

"Màmá, a kì í sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì na tíkẹ́ẹ̀tì sí i.

Kí ló pa á lẹ́rìn-ín? Aránṣọ gbé ẹ̀rín náà wọlé, ó ń yí i síhìn-ín, ó ń yí i sọ́hùn-ún. Ẹ̀rín ẹni tó mọ nǹkan ni.

Ó jókòó kí iná tó kú, ó fa gèlè bo iwájú orí. Nígbà tó ṣe, Olóòlù wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, òun nìkan. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó jókòó sí kẹrìnlá bí ẹni tó jókòó sórí àga ilé rẹ̀. Ìjókòó kẹtàlá ṣófo. Aránṣọ di ojú mọ́ ìjókòó tó ṣófo náà. Obìnrin kan gba ibẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú lọ́fínńdà tó ṣáájú rẹ̀ dé. Aránṣọ di ọwọ́ àga mú. Obìnrin náà kọjá, ó lọ jókòó ti àwọn ọmọ mẹ́ta tó ń pè é ní Mọ́mì. Iná kú.

Kí a má parọ́ mọ́ fíìmù: àwọn tó ṣe é mọ iṣẹ́. Aránṣọ ti pinnu pé òun kò ní wò ó, pé ìjókòó kẹtàlá lòún wá ṣọ́, ṣùgbọ́n ojú kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Òkun là, ohun kan sì jáde níbẹ̀ tí ó kọ́kọ́ pè ní òkè. Òkè náà la ojú. Róbọ́ọ̀tì ni, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi tó ti rì ṣe egungun rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró wé mọ́ ọn lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ lé ilẹ̀, ariwo náà kò gba etí wọlé. Ó gba ẹsẹ̀, ó gun orúnkún, ó jókòó sí àyà. Aránṣọ ní, "Yéè, Olúwa ọba!" kò sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Àwọn irin mìíràn bọ́ láti ojú ọ̀run, wọ́n kọlu ìlú. Bàbá Irin, bí ọmọ kékeré inú fíìmù ṣe ń pe róbọ́ọ̀tì náà, fi ẹ̀yìn gbé afárá tó fẹ́ já, ọkọ̀ ń sá kọjá lórí rẹ̀ bí èèrà, àwọn ọ̀tá sì ń lù ú láti ẹ̀yìn. Ó dúró gbọn-in. Aránṣọ rí i pé òun ti ń di ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bá a gbé afárá. Ojú tì í. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó mọ̀ pé irọ́ ni; ta ló ń rí owó ná sórí irọ́ tó báyìí, kí sì ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá gbà á gbọ́?

Ó wo ìjókòó kẹtàlá. Ó ṣì ṣófo.

Ó wo ọkọ rẹ̀. Olóòlù ti fi àtẹ́lẹwọ́ kan lé ògiri, níbi tí gbohùngbohùn wà, ó tẹ ẹ́ mọ́ ọn bí ẹni ń yẹ ara ọmọ tó ní ibà wò. Ọwọ́ kejì wà lórí ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí irin bá wó, èjìká rẹ̀ á gba ìró náà, á sì mi orí, díẹ̀díẹ̀. Irú mímì orí yẹn, Aránṣọ mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń rí tẹ́lẹ̀ nígbà tó bá ń kì í. Ó ń jowú àwòrán irin.

Lẹ́yìn náà ni ariwo dákẹ́. Bàbá Irin ti ṣubú, iná ojú rẹ̀ kan ti kú. Ọmọ kékeré náà gun àyà rẹ̀, ó fi ẹnu sí ibi tí etí ìbá wà, ó sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i. Gbogbo ilé sinimá pa rọ́rọ́. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fa imú. Àní Aránṣọ pàápàá, omi ti lé sí i lójú nítorí ohun tí ọmọ náà sọ.

Olóòlù nìkan ni kò wo àwòrán mọ́. Ó ń wo àwọn ènìyàn. Ó yí orí sí ọ̀tún, ó yọjú wo obìnrin ọlọ́mọ mẹ́ta, ó rí i pé ó ń nu ojú. Ó wo ọkùnrin kan níwájú, ó rí i tó ń nu imú. Nígbà náà ni òun náà gbé ọwọ́ sókè, ó sì nu ojú tó gbẹ.

Ohun tó rí yìí kò yé Aránṣọ. Ó tẹ̀ síwájú títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀yìn orí ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Olóòlù, ọkọ mi."

Kò sí nǹkan.

Ó gbé ohùn sókè díẹ̀. "A-wọnú-irin-bí-ẹni-wọ-yàrá."

Obìnrin ọlọ́mọ mẹ́ta ní, "Ẹ̀ẹ́ṣì, Màmá!"

"Iná rí ọ, iná yẹ̀ fún ọ!" Aránṣọ ti gbàgbé ibi tó wà. Ó ń kígbe. "Òkùnkùn inú tánkì kò fi ọ́ ṣe àlejò!"

Gbogbo ìlà keje yíjú padà. Gbogbo ìlà kẹfà yíjú padà. Ẹnì kan láti iwájú kígbe pé, "Ẹ mú ìyá yẹn jáde, ẹ jọ̀ọ́!" Ọ̀pọ̀ ojú ló ń wò ó nínú òkùnkùn. Ọkùnrin tí ó ń kì nìkan, tí kò jìnnà sí ẹnu rẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ, ni kò yíjú padà.

Aránṣọ jókòó. Ó dìde. Ó yí ìlà náà po, ó ń tẹ àwọn ènìyàn lẹ́sẹ̀, ó sì lọ jókòó sí ìjókòó kẹtàlá.

Olóòlù fò sókè bí ẹni tí iná ta lé. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí Onídìrí sọ: ó tẹ ojú mọ́ ètè ìyàwó rẹ̀, ó ń dúró de ohun tí yóò ti ibẹ̀ jáde.

Ìta, níbi bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ni wọ́n ti sọ ọ́. Aránṣọ ní, "Láti ìgbà wo?"

"Etí òsì ti lọ tipẹ́. Ti ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e lọ́dún tó kọjá." Ó ń pariwo láìmọ̀, ọmọbìnrin onítíkẹ́ẹ̀tì sì yọjú. Aránṣọ fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún un pé kó rọra. Olóòlù rẹ ohùn sílẹ̀ jù, ó di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mò ń rí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni. Bí ènìyàn bá kọjú sí mi, mò ń gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀."

"Ẹ wá ní iṣẹ́ lẹ ń lọ."

"Kí ni kí n ní? Pé mò ń lọ síbi tí mo ti lè gbọ́ràn?" Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, níbi tí ògiri ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì. "Ibòmíràn, ènìyàn á rẹ́rìn-ín, èmi á rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e bí ọ̀bọ. Níbí, ìjà ni, ojú rí gbogbo rẹ̀. Bí irin yẹn bá ṣubú, olétí gbà á sáyà, adití gbà á sáyà. Wákàtí méjì ààbọ̀, n kò bi ẹnikẹ́ni pé kí ló wí. Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ yẹn nìkan ni n kò tíì mọ̀. Ẹ̀ẹ̀keje rèé. Kí ni ọmọ yẹn ń sọ fún un?"

Aránṣọ ní, "Màá sọ ìyẹn fún yín tí a bá délé." Ohun tirẹ̀ ló fẹ́ kọ́kọ́ bi í. "Oríkì tí mò ń kì yín ńkọ́?"

Olóòlù wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, bí ẹni pé ó kà á tì. "Oríkì wo? Ìwọ tó ti dẹ́kun kíkì mi láti ọdún tó kọjá?"

"Èmi? Èmi dẹ́kun?"

"O kàn ń so bàtà bí ẹni ń di ẹrù, o ò la ẹnu. N kò rí ju gèlè rẹ lọ. Mo ní, ó dáa, àgbà ti dé sí mi, aya mi ti rí ẹlòmíràn tó ń kì." Ó yí ojú kúrò, ó tún dá a padà kíákíá nítorí kò fẹ́ pàdánù èsì. "Ọkùnrin tó ń wá rán ṣòkòtò mẹ́ta lóṣù yẹn. Ta ni ṣòkòtò rẹ̀ ń gbó bẹ́ẹ̀? Mo ti ń ṣọ́ ọ."

"Ṣòkòtò àwọn ọmọ rẹ̀ ni! Ọmọ márùn-ún ló bí!" Ẹ̀rín àti ẹkún jọ jáde lẹ́nu rẹ̀, ó fi eteetí ìró nu imú. Ọdún kan gbáko ni òun ti fi ń kúnlẹ̀, tí òun ń fi ọ̀wọ̀ tẹrí ba, tí òun ń fi ọ̀wọ̀ sọ gbogbo ìyìn náà fún bàtà.

Ìrántí ohun kan dá ẹ̀rín rẹ̀ dúró. "Ẹ dúró ná. Inú tánkì. Ẹni tó wà níta, báwo ló ṣe ń pè yín jáde?"

"Á kan páànù lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ẹ wá ń gbọ́ ọ?"

"Mò ń fi ọwọ́ òsì lé páànù. Mò ń mọ̀ ọ́n lára." Ó wo ọwọ́ náà. "Lọ́pọ̀ ìgbà."

"Lọ́pọ̀ ìgbà." Aránṣọ dìde dúró. "Ẹ ò ní lọ síbi iṣẹ́ lọ́la, ẹ ò sì ní wọnú tánkì mọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ ó sọ fún fóòmánì, kó fi yín sídìí gígé páànù níta. Dókítà etí lẹ ó sì kọ́kọ́ rí."

"Wọ́n á lé mi. Ẹni tó ti dití…"

"Ẹ gbọ́ mi?"

"Màá rò ó."

Aránṣọ wo ojú rẹ̀. Oṣù méjì ni ọkùnrin yìí ti fi ń pa irọ́ kan náà fún un lójú. Ó mọ̀ ọ́n bó bá rí i. Ó ní, "Ẹ ò ní rò ó. Ẹ fẹ́ tàn mí ni. Bó bá di ọjọ́ Ajé tí ẹ kò sọ ọ́, èmi ni màá tẹ̀ lé yín dé géètì, màá sọ ọ́ lójú gbogbo yín."

"Wàá tú mi fó?"

"Màá tú yín fó. Kí wọ́n lé yín kúrò níbi iṣẹ́, ó sàn ju kí wọ́n gbé yín wálé fún mi."

Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ètè, kí ọ̀kankan má baà bọ́ sílẹ̀. Olóòlù wo ètè náà títí tó fi dúró. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Fúnra mi ni màá sọ. Má bá mi débẹ̀."

"Ẹ fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí."

"Mo fi Í ṣẹlẹ́rìí."

Fóònù Aránṣọ dún. Onídìrí ni, ó dájú pé kò tíì jókòó láti aago kan ààbọ̀. "Ṣé o bá a? Irun rẹ̀ ńkọ́?"

Aránṣọ wo ọkọ rẹ̀. Bí òun bá sọ ọ́ nísinsìnyí, kí ilẹ̀ tó ṣú, fóòmánì á ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà kan, kí ẹni tó ni ín tó la ẹnu. Ó ní, "Mo bá a, ẹ̀gbọ́n mi. Òun nìkan ni. Fíìmù ló ń wò."

"Fíìmù. Ní ẹ̀ẹ̀keje."

"Ó dùn."

Onídìrí ní, "Àbúrò mi, ohùn rẹ yìí, nǹkan wà nínú rẹ̀ tí ò ń fi pamọ́ fún mi."

"Kò sí o. Ó dàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Ó pa fóònù náà, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ tí òun ni yóò kọ́kọ́ pa á.

Wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà lọ sílé, nítorí òun ló kúrú jù. Ọ̀nà náà tóóró, kò ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà lọ́tọ̀. Olóòlù ń lọ níwájú, ọwọ́ lẹ́yìn, ó ń sọ bí róbọ́ọ̀tì náà ṣe gbé afárá, pé ẹni tó ya àwòrán yẹn mọ bí irin ṣe ń tẹ̀ kó tó kán. Alùpùpù kan yọ lẹ́yìn wọn, ó ń fọn fèrè. Ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Olóòlù kò yẹ̀. Aránṣọ rò pé yóò yẹ̀, nítorí gbogbo ènìyàn ni í yẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kí ó pẹ́ jù. Ó sáré gba ọrùn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mú, ó fà á wọ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Alùpùpù náà fi apá gbo apá rẹ̀ kọjá.

Ọlọ́kọ̀ náà dúró níwájú, ó yíjú padà, ó ń ju ọwọ́, ó bú sí wọn: "Bàbá, ṣé adití ni yín ni? Ikú lẹ ń wá kiri? Orí yín ló mà yọ yín o!" Ó sì tẹ iná mọ́ ọn, ó lọ.

Ọdún kan ni ọkùnrin yìí ti ń gba ọ̀nà yìí lọ síbi iṣẹ́, tó ń gbà á bọ̀, òun nìkan. Aránṣọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí títì, ó fi apá kọ́ ọ lápá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn ní gbogbo ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta.

Olóòlù nu eruku lápá rẹ̀. Ojú ọlọ́kọ̀ náà ló rí, kò rí ẹnu rẹ̀ dáadáa, àṣíborí ti bò ó dé imú. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ kú ìrìn."

Olóòlù wo ètè rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo ètè náà. Ó ní, "Gbogbo ọwọ́ tó ń jù yẹn? Ẹ kú ìrìn nìkan?"